Ìka Tí Ẹ̀rọ Ìwé Ìrìnnà Kọ̀

Màámi,

Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀bẹ wà nínú báàgì mi, ẹ má wulẹ̀ wá a. Òrí nìyí, ẹ fi pa ọwọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀rọ ìwé ìrìnnà ti kọ ìka yín. Wọ́n ní iṣẹ́ ti pa ìlà ìka yín rẹ́, kí ẹ má fọwọ́ kan gbágùúdá títí di Ọjọ́bọ̀ tí a máa padà lọ tẹ̀ka. Èwo wá ni èèpo gbágùúdá tútù tí mo bá lẹ́yìn balùwẹ̀ láàárọ̀ yìí, tí ẹnì kan fewé bò? Wàlíyátù aládùúgbò wa ní ẹ̀yin lẹ bẹ òun pé ẹ fẹ́ bá òun bó o.

Bí ẹ ò bá fẹ́ lọ bá Bọ̀ọ̀dá Fàtáì l'Abidjan, ẹ fẹnu sọ fún un. Ẹ yé fi ìka sọ ọ́.

Sàídátù