Ìyá Ọkọ Mi Ló Bá Mi Dáhùn

Olóòtú wa, ẹ kú làálàá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ìyàwó tuntun ni mí. Iṣẹ́ ti gbé ọkọ mi lọ sọ́nà jíjìn. Obìnrin kan tó ń ṣèwádìí ìlera láti ilé dé ilé ní òun fẹ́ bá èmi nìkan sọ̀rọ̀. Ni ìyá ọkọ mi bá fa àga: "Kí ni ìyàwó mi fẹ́ sọ tí mi ò gbọdọ̀ gbọ́?"

Obìnrin náà bi mí pé, "Ṣé ẹ lẹ́ni tí ẹ lè finú hàn?"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Èmi ńkọ́? Àbí ère ni mí?"

Obìnrin náà kọ "bẹ́ẹ̀ ni" sílẹ̀, ó lọ.

Olóòtú, látìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, ẹlòmíì ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò lẹ́nì kankan. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé obìnrin náà ṣì lè padà wá? Ìyá kì í sí nílé láàárọ̀.