Orí Mọ́kànlélógójì

Àǹtí mi, ẹ kú àjò o. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Màmá ti ń san.

Àǹtí, láti àná ni mi ò ti lè jókòó. Adájọ́ fẹ́ wá yẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n wò, ni wọ́n bá pè mí kí n wá gẹrun fáwọn ẹlẹ́wọ̀n. Bùrọ̀dá wa, tó ti lo ọdún méjì níbẹ̀ láìfojú kan kóòtù, ni mo kọ́kọ́ gẹ̀. Ìgbà tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n tò síwájú adájọ́, mi ò rí i mọ́. Mo bá pariwo:

"Olúwa mi, orí mọ́kànlélógójì ni mo gẹ̀, ogójì ló wà níbí!"

Èmi tí tíṣà ní orí mi ò gba ìṣirò! Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ti bá a, ọwọ́ rẹ̀ wú látàrí pàṣán wọ́dà. Adájọ́ ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù, kí wọ́n sì mú un wá sí kóòtù lọ́jọ́ Ajé.

Ọ̀dọ̀ yín ló sùn lọ́jọ́ tí wọ́n ní ó jalè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fẹnu ara yín sọ ọ́. Ọlọ́run á mú yín dé láyọ̀.

Èmi ni, bábà tó mọ ìṣirò.