Ìpéǹpéjú Tí Mo Fẹ́ Dín

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ẹni tó ń ṣọ́ ọ nílùú tí o wà ò ní í sùn lórí rẹ. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Màṣíìnì mi ṣì ń ránṣọ, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ẹ̀gbọ́n rẹ mẹkáníìkì sì ti ń bá mi yodì láti ìjẹta.

Ìwọ náà mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún ọ lórí fóònù pé mo fẹ́ lọ ṣe ojú mi, o mí kanlẹ̀, o wá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló ń mí kanlẹ̀? Mi ò fẹ́ fi ohunkóhun pamọ́ fún ọ, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ṣé mo fẹ́ tún lọ́kọ ni. Ọkọ wo, nígbà tí bàbá yín ti sùn? Ṣé o rántí ọjọ́ tí ọmọ rẹ ń wò mí nínú fóònù? Ẹ̀rín ni mò ń rín, ẹ̀rín tó dénú, ọmọ náà bi ọ́ pé kí ló dé tí Màmá Àgbà ń sunkún. Ó dùn mí dọ́kàn. Ìpéǹpéjú mi ti wó bo ojú, àwọn oníbàárà náà rò pé mo ń fajú ro sí wọn. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà lójú mi kì í ṣe tèmi mọ́.

Dókítà ìlú kejì ní òun máa gé awọ tó wó yẹn, òun á sì rán an. Èmi aránṣọ, mo bi í pé okùn wo. Ó ní okùn tó máa yọ́ fúnra rẹ̀ ni. Ta ló ń fi okùn tó ń yọ́ ránṣọ? Bí ojú mi bá tú láàárín èèyàn ńkọ́? Mo bẹ̀ ẹ́ kó rán an lẹ́ẹ̀mejì, kó sì fi díẹ̀ sílẹ̀ sínú bí mo ṣe máa ń ṣe sí yunifọ́ọ̀mù rẹ, kó lè ṣeé tú tí ìwọ bá ní o ò fẹ́ ẹ. Ó ní awọ kì í ṣe aṣọ, tí òun bá ti gé e, ó lọ nìyẹn. Látìgbà náà, mi ò rí oorun sùn.

Fóònù tí o rà fún mi tún dá kún un. Kì í ṣílẹ̀kùn fún mi àfi tó bá rí ojú mi. Àràárọ̀ ni mò ń bẹ̀ ẹ́ pé lọ́jọ́ Ẹtì, ojú tó máa rí á wú díẹ̀, kó má lé mi, èmi náà ni. Obìnrin tó ń ta káàdì ní kí n fọkàn balẹ̀, tí kò bá dá mi mọ̀, nọ́ńbà wà tí mo máa tẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa gé e. Jọ̀ọ́, fowó jígí dúdú ránṣẹ́, kí ará àdúgbò má baà fi mí ṣẹ̀sín. Tí kò bá sówó, fi jígí sílẹ̀, kí ìwọ wá di ọwọ́ mi mú.

Ọ̀nà rẹ á là, ọmọ rẹ á ṣe ju ìwọ lọ, Ọlọ́run ò ní í sọ mí dàlejò lójú ẹni tí mo bí. Fóònù ní nọ́ńbà. Tí ìwọ ò bá dá mi mọ̀, kí ni kí n tẹ̀?

Èmi ni ìyá rẹ,
ojú àtijọ́ ni mo fi kọ ọ́.