Ẹ̀bẹ̀ fún Láyíwọlá

Ọjọ́ Ajé, 2 March 1987

Baba Fèrè — kóòṣì wa, tí fèrè kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀ — kó gbogbo wa jọ sórí pápá láàárọ̀ yìí. Ó ní ẹnìkan ń mu igbó ní dorm àwọn ọkùnrin. Òórùn ń jáde. Ẹni tí òun bá rí ẹ̀rí ẹ̀, ó kúrò nínú team nìyẹn, scholarship ẹ̀ náà á lọ. Mo wojú Tẹ́ẹ́rẹ́. Tẹ́ẹ́rẹ́ ń wo bàtà.

Láyíwọlá ni mò ń pè ní Tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ Ìkìrun, tó ń sá irinwó mítà. Èmi ń ju discus. Àwa méjì péré ni Yorùbá nínú team yìí. Bí kò bá sí i, ta ni màá máa bá sọ̀rọ̀ ní yunifásítì Houston yìí? Èmi àti ògiri.

Ọjọ́rú, 4 March

Mo bi í. Kò purọ́. Ó ní, "Àǹtí Níkẹ́, tí mi ò bá fà á, mi ò lè sùn." Látìgbà tí bàbá ẹ̀ ti kú ní January ni. Wọ́n sin bàbá, òun àkọ́bí kò sí ńbẹ̀. Mo bú u dáadáa — olóríkunkun, ṣé orí ẹ dàrú ni? Lẹ́yìn náà mo bu ìrẹsì fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí n bù sí i.

Ọjọ́bọ̀, 5 March

Inú ń bí mi. Tó bá jẹ́ oògùn tó ń mú ẹsẹ̀ yá ni, kí wọ́n lé e, mo fara mọ́ ọn, ìrẹ́jẹ ni. Igbó ńkọ́? Igbó tó ń mú èèyàn jókòó gẹlẹtẹ, kó máa rẹ́rìn-ín sí ògiri? Ta ló ti fi igbó ṣe ipò kìn-ín-ní rí? Àwọn tó ń mu bíà ní Sátidé, tí wọ́n ń bì sẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín ni Baba Fèrè ń fi wọ́n rín. Síbẹ̀, òfin ni. Ọmọ yìí sì mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, 8 March

Ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá ní Humble, lẹ́yìn Houston. Mo sọ fún Bàbá Ẹkúndayọ̀, àgbà ìjọ wa tó máa ń fi mọ́tò gbé mi. Wọ́n pariwo: "Igbó kẹ̀! Ohun tó ń sọ ọmọlọ́mọ di wèrè!" Wọ́n ní tó bá jẹ́ àwọn ni kóòṣì, àwọn á lé e fọ́dún kan gbáko. Mo ní, Bàbá, tí wọ́n bá lé e, ilé ló ń lọ yẹn, láìgba ìwé ẹ̀rí kankan. Wọ́n wá yí ohùn padà. Wọ́n ní àwọn àgbà á lọ bẹ̀bẹ̀. "Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ ẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀."

Ó dáa kéèyàn lágbà. Mo sùn dáadáa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 March

Baba Fèrè pe Tẹ́ẹ́rẹ́ àti àwọn méjì tí wọ́n jọ ń mu ún. Wọ́n sẹ́ kanlẹ̀. Kò sí ẹ̀rí. Ó ní kí wọ́n lọ máa sáré. Tẹ́ẹ́rẹ́ ti da èyí tó kù nù, ó ń kọrin kiri.

Mo rò ó pé kí n ní kí Bàbá má wá mọ́. Àmọ́ ta ló ń dá àgbà padà lójú ọ̀nà? Àti pé ẹ̀bẹ̀ kì í ba nǹkan jẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 March

Wọ́n wá. Àgbà mẹ́ta, kóòtù lọ́rùn. Èmi ni mo mú wọn wọlé. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ọ́fíìsì Baba Fèrè. Ó fò dìde — ó rò pé àìsàn ló gbé wọn ṣubú. Bàbá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì látilẹ̀: ọmọ àwọn ti ṣẹ̀, iṣẹ́ èṣù ni, ọmọ òrukàn ni, kó ṣàánú ẹ̀.

Baba Fèrè bi wọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: ṣé ó mu ún lóòótọ́ nìyẹn?

Mo la ẹnu. Bàbá ti gba ọ̀rọ̀ náà: ṣé ẹni tí kò ṣẹ̀ la máa ń bẹ̀bẹ̀ fún ni?

Háà. Ọkùnrin náà jókòó. Ó ní òun ò fẹ́ mọ̀. Òun ti wá mọ̀ báyìí, níwájú ẹlẹ́rìí mẹ́rin. Ó nawọ́ sí tẹlifóònù.

Nínú mọ́tò Bàbá ń sọ pé ojú ẹ̀ rọ̀, ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 March

Wọ́n ti lé e.

Ọjọ́ Ajé, 16 March

Kò gbé fóònù. Mo kanlẹ̀kùn, kò ṣí i, mo sì ń gbọ́ rédíò ẹ̀ nínú ilé. Àwọn méjì yòókù sáré lónìí. Àwọn ò lágbà tó máa bẹ̀bẹ̀ fún wọn.

Ọjọ́bọ̀, 19 March

Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lónìí. Ó dùn mí, ó dùn mí gan-an.

Ọjọ́ Àìkú, 29 March

Ó lọ lónìí. Mo lọ dúró síwájú dorm wọn. Ó jáde pẹ̀lú báàgì kan. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, níṣojú àwọn òyìnbó tó ń kọjá. Ó fà mí dìde. Kò tiẹ̀ bínú, ìyẹn gan-an ló burú. Ó ní:

"Àǹtí Níkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀bẹ̀ mọ́. Èyí tẹ́ ẹ ti bẹ̀ ti tó mi délé."