Ẹkún Àṣíbì Níbi Àdúrà Àǹtí Sàláwà

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Màgíríbì

Ó ti sú mi. Ó sú mi pátápátá.

Àdúrà ọjọ́ kẹta Àǹtí Sàláwà, àbúrò bàbá mi, la ṣe ní Changli, àdúgbò rẹ̀, lónìí. Àǹtí ló máa ń mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mò ń ṣe Àṣíbì, ọmọ tó máa ń sunkún lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí Áàfáà ṣe dárúkọ Àǹtí, n ò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́kún.

Ni Hàjíà kan tó jókòó nítòsí mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo Àṣíbì! Kò mà tíì gbàgbé o!" Ó ti gbé fóònù sókè. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, tún un ṣe, n ò tíì yà á."

Níbi àdúrà òkú! Màsà, àkàrà ìrẹsì tí wọ́n fi ṣe sàráà, ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ràfíátù lorúkọ mi, kò sẹ́ni tó ń rántí. Màmá ní kí n má dá a lóhùn, ṣùgbọ́n...

Àárọ̀ yìí gan-an ni mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mò ń kọ nípa ìgbà èwe mi pé Àṣíbì ti kúrò lára mi. Màá pa ìlà yẹn rẹ́. Kì í ṣe tìtorí Hàjíà.

Nígbà tí mo rí fóònù yẹn, mo rọra yí ojú mi síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, bí Àṣíbì ṣe máa ń ṣe.