Kò Sí Ohun Tó Ṣe Ojú Ọkọ Mi

Àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó ilé, mo sì kí iṣẹ́. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìdúró, nínú àlàáfíà tó péye, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe ohun tí aláìsàn ń gbọ́. Àwa náà wà láàyè. Inú ń bí mi débi pé mo fi áyọ́ọ̀nù jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà mi láàárọ̀ yìí, ni mo bá paná, mo jókòó láti kọ̀wé.

O mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ ojú omi bọ̀, ilẹ̀ ti ṣú, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń re ilé kún inú rẹ̀. Ló bá rí iná aláwọ̀ ewé mẹ́rin tó dúró lójú sánmà níwájú rẹ̀, wọn ò mì, wọn ò dún. Ó rò pé ọkọ̀ ńlá kan ló ń bọ̀, ló bá pa ẹ́ńjìnnì. Kí àwọn èrò tó gbójú sókè, iná ti kú, omi sì ti ń gbé wọn lọ síbi òpó afárá. Díẹ̀ ló kù! Àwọn ọ̀gá èbúté ní ọtí ló mu, ọkọ mi tí kì í fẹnu kan ọtí. Dókítà ní ojú rẹ̀ dá ṣáká. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe ojú, a jẹ́ pé orí ni. Wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn èrò tó ti ń gbé sọdá láti ọjọ́ tó ti pẹ́ wá sọ ọ́ lórúkọ: "Bàbá Wòsánmà, kí lẹ rí lónìí?"

O wà ní pálọ̀ mi lọ́jọ́ Àìkú tí àwọn èèyàn wá bá a dárò. Onídìrí ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní ìràwọ̀ ló ń já. Ọkọ mi ní ìràwọ̀ tó bá ń já kì í dúró sinmi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní sátẹ́láìtì ni, wọ́n máa ń tò lọ ní ìlà. Ó ní èyí tóun rí ò lọ síbì kankan. Káfíńtà ní ọkọ̀ òfuurufú ni. Ó ní ọkọ̀ òfuurufú wo ni kì í dún? Ìyá ọkọ mi ní áńgẹ́lì ni, láti ọjọ́ náà aṣọ tó mọ́ ni wọ́n fi ń sùn, kí áńgẹ́lì má bàa bá wọn nínú àkísà. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ìwọ náà rín. O wá gbé ife omi kalẹ̀, o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bóyá ó ti rẹ̀ wọ́n ni. Ẹni tí kò bá sùn dáadáa lè máa rí nǹkan tí kò sí." Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa á. Ó dá gbogbo wọn lóhùn. Tìẹ nìkan ni kò lè dá lóhùn, torí ó fọkàn tán ọ.

Áà, kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà! Onídìrí yìí kan náà ló gbé fóònù wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní àbúrò mi ti di gbajúmọ̀. Nínú fídíò tí o gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, dúróònù rẹ mẹ́rin rèé, àwọn ẹ̀rọ kékeré tó ń fò, pẹ̀lú iná aláwọ̀ ewé, tí o fi ń dánra wò fún ayẹyẹ òtẹ́ẹ̀lì. Mo rí odò nísàlẹ̀. Mo rí ọkọ̀ ọkọ mi tó dúró. Mo sì gbọ́ ohùn rẹ, ohùn tí mo mọ̀ láti ìgbà tí mo ti ń pọ̀n ọ́, tí o ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ wò wọ́n, wọ́n ti dúró o! Paná, paná!" O mọ̀. O ti mọ̀ kí o tó wọ pálọ̀ mi, kí o tó mu omi mi. Ìkà ni ọ́. Mo sọ ọ́, n kò sì ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Nígbà tí mo pè ọ́, o ní ìwé àṣẹ rẹ ò tíì jáde, pé bí àwọn aláṣẹ bá gbọ́, wọ́n á gba àwọn ẹ̀rọ náà, iṣẹ́ rẹ á sì bàjẹ́. O ní o ti pa fídíò náà rẹ́, kí n fọwọ́ wọ́nú. Ìyá kan náà ló bí wa, n kò mọ ibi tí o ti kọ́ irú èyí. Ṣé iṣẹ́ tìẹ nìkan ni iṣẹ́? Onídìrí ti gbà á sórí fóònù rẹ̀ kí o tó pa á rẹ́.

Mo lè mú fídíò náà tọ ọ̀gá èbúté lọ, màá sì mú un lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọ̀gá ló ń dùn mí. Mo fi han ọkọ mi. Ó wò ó títí, ó dá fóònù padà, ó ní mo ṣeun. Ó ní kò sí ohun tí fóònù ò lè ṣe láyé ìsinsìnyí, pé èmi àti ìwọ la jọ ṣètò rẹ̀ kí ọkàn òun lè balẹ̀. Ó gbà ọ́ gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ. Nítorí náà, wá. Kó àwọn ẹ̀rọ yẹn dání. Dúró ní èbúté níwájú rẹ̀ àti níwájú ọ̀gá, jẹ́ kí wọ́n fò sókè kó rí i, kí o sì fi ẹnu ara rẹ sọ pé ìwọ ni. Bí wọ́n bá fẹ́ gbà wọ́n, kí wọ́n gbà wọ́n. Bí o kò bá wá, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ìgboyà. Kí ilé rẹ tòrò, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ojú rẹ ṣeré láé. Àmín.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tí inú ń bí.

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ àpò ìwé yìí pa nígbà tí ọkọ mi pè mí síta. Òṣùpá ti yọ, ó mọ́ roro lókè òrùlé. Ó nàka sí i, ó rọra bi mí bóyá èmi náà rí i. Mo ní mo rí i. Ó ní kí n búra.