Nígbà Tí Ètò Tèmi Bá Ètò Kàmọ́rù Sọ̀rọ̀

Bàbá mi tòótọ́,

Mo kí yín ní Àsàlámù àlékún níbi tí ẹ sùn sí. Òjò ti dá ní Ìlá, ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti bó. Ìyá wà. Wọn ò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀rọ ìránṣọ yín kúrò níbi tó wà. Wọ́n ṣì máa ń da òróró sí i bí ẹni pé ẹ fẹ́ rán agbádá lọ́la. Mo máa ń rí yín níbẹ̀, abẹ́rẹ́ lẹ́nu, tí ẹ ń fi imú kọrin nítorí pé ẹnu ò gbà á. Ta ló kọ́ yín ní orin yẹn? Mi ò bèèrè nígbà tí ẹ wà.

Ọ̀rọ̀ Kàmọ́rù, àbúrò mi, ni mo fẹ́ sọ fún yín. Lọ́jọ́ tí ẹ kú, mo rán awakọ̀ kan sí i ní Ìlọrin. Ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ ní Àjàṣẹ́. Ẹ mọ̀ pé a kì í fi òkú Mùsùlùmí pamọ́; àwọn Àlùfáà kírun sí yín lára, wọ́n sì sin yín kí oòrùn tó wọ̀. Ọjọ́ kejì ni Kàmọ́rù dé, ó bá erùpẹ̀ tútù. Kò sunkún. Ó kàn wò mí.

"Àǹtí mi, ẹ ò lè ní kí wọ́n dúró dè mí?"

"Kàmọ́rù, mo ránṣẹ́ sí ọ."

Láti ìgbà náà, kò bá mi sọ̀rọ̀ ju "Ẹ káàárọ̀" lọ. Bàbá, kí ni ǹ bá ṣe?

Iṣẹ́ ló tún dà wá pọ̀, ní ilé ìwòsàn kan níbí. Èmi ni mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba orúkọ aláìsàn sílẹ̀. Bésíìkì, èdè kọ̀ǹpútà tí mo kọ́ ní Òṣogbo, ni mo fi kọ ọ́. Nígbà tí Kàmọ́rù parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, dókítà ní kó kọ èyí tí yóò máa tọ́jú ọ̀rọ̀ oògùn, ó sì fi èdè C kọ tirẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà kan náà ni ètò méjèèjì wà. Fèrèsé wọn, ibi tí ọ̀rọ̀ ètò kọ̀ọ̀kan ti ń hàn, fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn lójú rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀kan ò mọ̀ pé èkejì wà. Tí mo bá ti tẹ orúkọ sínú tèmi, Ìyá Ráfíù tó ń fún èèyàn lóògùn á tún un tẹ̀ sínú ti Kàmọ́rù.

Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan àti ọmọ rẹ̀ wá láti Ìresì. Ìyá Ráfíù ṣi orúkọ ìyá náà tẹ̀, oògùn ẹlòmíràn ló jáde. Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà kí ọmọ náà tó ka ohun tó wà lára ìgò. Ó figbe ta: "Orúkọ ìyá mi kọ́ nìyí o!" Ìyá Ráfíù sáré gba ìgò náà padà. Dókítà pe èmi àti Kàmọ́rù, ó ní a ò gbọdọ̀ tẹ orúkọ lẹ́ẹ̀mejì mọ́, kí ètò tèmi máa fi orúkọ ránṣẹ́ sí tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, Ìyá Ráfíù láàárín. Kọ̀ǹpútà náà máa ń fún fèrèsé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Tí ètò kan bá mọ nọ́ńbà èkejì, ó lè ju ọ̀rọ̀ sí i. Mo rí nọ́ńbà ti Kàmọ́rù, mo ju orúkọ sí i. Ohun tó jáde lọ́dọ̀ rẹ̀ dà bí ìgbà tí ewúrẹ́ rìn lórí bọ́tìnnì: orúkọ díẹ̀, wúruwùru ló kù.

"Ìyá Ráfíù, ẹ bá mi sọ fún Àǹtí mi pé ọ̀rọ̀ wọn ò lópin."

Ìyá Ráfíù yíjú sí mi. "Ó ní ọ̀rọ̀ ẹ ò lópin. Etí mi rèé o, kì í ṣe wáyà!"

Òótọ́ ni Kàmọ́rù sọ. Èdè tèmi máa ń ka iye lẹ́tà tó wà nínú ọ̀rọ̀, á sì fi iye náà síwájú. Èdè tirẹ̀ kì í ka iye. Ńṣe ló máa ń gba lẹ́tà lọ títí yóò fi bá òdo tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ ti parí. Tí kò bá bá òdo, á máa kó ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ ọn. Mo tún tèmi ṣe, mo fi òdo sí ìdí ọ̀rọ̀.

Ó ku ká dán an wò. Mi ò mọ orúkọ tí màá tẹ̀. Ọwọ́ mi ló tẹ Àjàní, oríkì tí ẹ fi ń jí Kàmọ́rù ní àsùbáà, tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ò tún pè é láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ. Ó yọ nínú fèrèsé rẹ̀, ó mọ́ kedere, ohunkóhun ò tẹ̀ lé e.

Kàmọ́rù wò ó títí. Ìyá Ráfíù dìde, ó ní òun ń lọ to ìgò òun. Nígbà náà ni àbúrò mi bo ojú, ó sun ẹkún tí kò sun lójú sàárè yín.

"Àǹtí mi, ẹ sọ bó ṣe rí fún mi."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹ ní kí n ṣí ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn wọlé, a sì jọ ka kàlímà. Mo wá sọ èyí tí kò fún mi láàyè láti sọ látọjọ́ yìí: ẹ bèèrè rẹ̀. Ẹ ní, "Tó bá dé, sọ fún un pé kó má fi ebi jáde nílé mọ́."

"Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn?"

"Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, omi ṣì ń dà lójú rẹ̀. Kò tíì fẹnu kan nǹkan kan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo lọ ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà, a jọ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan.

Ara mi fúyẹ́ díẹ̀, Bàbá, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí. Ṣé ẹ rí wa? Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, a jọ ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ó ní òun ni yóò ro koríko tó ti hù. Bó bá dúró tí kò lè sọ ohunkóhun, ẹ fara dà á fún un.

Èmi ni, àkọ́bí yín tí àárò yín ń sọ.